Táyà ńlá fún Hilux tí mò ń wà lójoojúmọ́: ṣé A/T ni tàbí M/T?

Àgbẹ̀-Tánkẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín kí n tó ná owó tí n kò ní rí gbà padà. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni mò ń wà. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 265/65R17, nọ́ńbà yìí náà ni wọ́n sì kọ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, láti Tánkẹ̀ sí ibi iṣẹ́ mi nígboro Ìlọrin ni mò ń lọ, títì ọlọ́dà sì ni gbogbo rẹ̀, bí a bá yọ kòtò kúrò. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ àti iṣu wa ní apá Ìgbàjà, níbi tí ọ̀nà ti jẹ́ yangí láti ibi tí ọ̀dà ti parí títí dé abà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti wọlé dáadáa, ibì kan wà nísàlẹ̀ tí odò kékeré kan ti gba ojú ọ̀nà kọjá. Ibẹ̀ ni táyà ti máa ń yí lójú kan náà títí àwọn òṣìṣẹ́ oko yóò fi wá bá mi tì í.

Táyà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dán tán, mo sì ní láti pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ń ta táyà gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra M/T (táyà eléyín ńlá tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀) 285/70R17 kí ọkọ̀ náà lè ga, kí ó sì lè gba ibi gbogbo. Ọ̀rẹ́ mi kan ní A/T (táyà tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà àti ọ̀nà yẹpẹ pọ̀) 265/70R17 ti tó mi. Ìyá àwọn ọmọ ní tirẹ̀ kò fẹ́ ohunkóhun tí yóò máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta lábẹ́ wa láti ilé dé ilé-ìwé àwọn ọmọ. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé òótọ́ ni pé táyà ńlá máa ń jẹ epo? Bí owó kò bá sì tó mẹ́rin, ṣé mo lè fi M/T méjì sẹ́yìn ná?


Alápákó-Orò-Àgọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra M/T, kí ẹ sì fọkàn balẹ̀. Pákó ni mò ń kó jáde láti inú igbó ní ìhà Orò-Àgọ́, ojú mi sì ni oríṣiríṣi táyà ṣe ń rì sínú ẹrẹ̀ tí M/T ń gbà kọjá. Eyín rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà: eyín náà tóbi, àlàfo àárín wọn sì fẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń yí, ó máa ń ju ẹrẹ̀ dànù, eyín á sì tún rí ilẹ̀ dì mú. Táyà títì ní tirẹ̀, bí ẹrẹ̀ bá ti dí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti di aláìléyín nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ M/T tún máa ń nípọn, kùkùté igi kì í tètè ya á. Ní ti ariwo, ẹ yí rédíò sókè.


Ìyá-Òrí

Ẹ kú ìjíròrò o. N kò bá Alápákó jiyàn lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí, nítorí pé inú igbó ni ó ń wà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ kò gbé inú igbó. Òrí àti èlùbọ́ ni mo máa ń lọ rà ní Òkè-Òde àti àwọn abúlé tó yí i ká, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń wa ọkọ̀. M/T ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà nígbà tí a kọ́kọ́ rà á. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa bí eré bá ti ju 80 lọ, síbẹ̀ ariwo kọ́ ni ó mú kí n ní kí wọ́n tú u. Bíréèkì lórí ọ̀dà tó tutù ni. Òjò ń rọ̀, ọlọ́kadà kan já wọlé níwájú wa ní Gánmọ̀, ọmọ náà tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì ń yọ́ lọ lórí omi bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Àlàfo tí Alápákó ń yìn nínú ẹrẹ̀ yẹn náà ló dín rọ́bà tó ń kan ọ̀dà kù.

Ó sì tún máa ń tètè jẹ. Lórí ọ̀dà gbígbóná ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, eyín ńláńlá wọ̀nyẹn kì í jẹ dọ́gba. Apá kan á ga, apá kan á rẹlẹ̀, ariwo á sì tún pọ̀ sí i. A/T ni a fi pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀nà Òkè-Òde náà ni a sì ń lọ títí di òní.


Olùkọ́-Ìsánlú

Ọ̀rọ̀ méjì ni Àgbẹ̀-Tánkẹ̀ pa pọ̀ di ẹyọ kan: irú eyín tí táyà ní, àti bí táyà ṣe tóbi tó. Àwọn méjì tó ti fèsì sọ ti eyín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti títóbi, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta táyà ti máa ń fi nọ́ńbà dẹ́rù ba ènìyàn.

Nínú 265/65R17, 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. 17 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, táyà yín ga tó mìlímítà 776 láti ilẹ̀ dé òkè. 265/70R17 ga tó 803. 285/70R17 ga tó 831. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn nìkan ni ọkọ̀ yóò fi ga sí i kúrò nílẹ̀, nítorí pé ìdajì yòókù wà lókè, lábẹ́ fẹ́ńdà. Nítorí náà, 265/70 yóò fún yín ní mìlímítà 13, èyí tí kò ju ìbú ìka kan lọ. 285/70 yóò fún yín ní nǹkan bíi 27. Ẹ fi ojú inú wo ibi tí ọkọ̀ ti ń rì, kí ẹ bi ara yín bóyá mìlímítà 27 ni ó kù tí ẹ óò fi kọjá.

Gbogbo ohun tó ń ka ìrìn ọkọ̀ yín ni yóò sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí mítà bá ka 100, 265/70 yóò ti máa sáré tó 103, 285/70 yóò sì ti sún mọ́ 107. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú yóò ní láti làágùn sí i kí ọkọ̀ tó gbéra, pàápàá tí ẹ bá ru ẹ̀gẹ́ tí ẹ sì ń gun òkè, nítorí pé ẹsẹ̀ tó tóbi ń rìn jìnnà jù ní ìyípo kan. Ní ti epo, òótọ́ ni pé yóò jẹ epo sí i. Táyà M/T ńlá lè fi kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wúwo ju táyà títì lọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, eyín rẹ̀ sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn lórí ọ̀dà.


Mẹ́káníìkì-Ọ̀fà-Gàréèjì

Olùkọ́ sọ ọ́ dáadáa, àfi nǹkan méjì tí mo fẹ́ fi kún un. Èkíní, àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń jẹ́ kí mítà eré ka iye tó fi díẹ̀ ju òtítọ́ lọ, kì í kà á kéré. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tó lo 265/70 lè rí i pé eré tí mítà ń kà wá sún mọ́ òtítọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti 285/70 ni yóò kọjá ààlà. Èkejì, ọ̀pọ̀ tó ń pariwo pé táyà ńlá jẹ epo àwọn ń fi mítà ìrìn tí kò pé ṣe ìṣirò: bí ó bá ní ẹ ti rin kìlómítà 100, ẹ ti rin 103 ní tòótọ́. Ẹ ṣe àtúnṣe yẹn kí ẹ tó bú táyà.

Ní ti 285/70, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé yóò kàn wọlé bẹ́ẹ̀. Lára Hilux tí wọn kò gbé sókè, bí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin, yóò máa ha rọ́bà inú fẹ́ńdà àti ibi tí mọ́gáàdì wà, bí ọkọ̀ bá sì bọ́ sínú kòtò nígbà tí ẹ ń yà, yóò gbá a gidigidi. Wọn yóò ní kí ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì gé nǹkan díẹ̀ nínú fẹ́ńdà. Gbígbé ọkọ̀ sókè máa ń mú kí àwọn ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú tẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n lọ, rọ́bà tó bò wọ́n á máa ya, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti bíárìn náà á sì tètè kú lábẹ́ ẹrù ẹsẹ̀ tó wúwo. Iṣẹ́ mi ni, mo lè gba owó yín tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé kò nílò rẹ̀.

265/70 máa ń wọlé láìsí gígé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ha mọ́gáàdì iwájú díẹ̀ lára àwọn kan. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹyọ kan sí iwájú, kí ẹ yí sítíárìn sọ́tùn-ún àti sósì dé òpin, síwájú àti sẹ́yìn, kí ẹ tó sanwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.


Alápákó-Orò-Àgọ́

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìṣirò sọ̀rọ̀ yìí, ẹ wá sí Orò-Àgọ́ ní oṣù Kẹsàn-án.


Bàbá-Onílọ́rì (Òmù-Àrán)

Mo kí gbogbo yín. Mo ti wa ọkọ̀ ẹrù káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà kí púpọ̀ nínú yín tó mọ ohun tó ń jẹ́ A/T, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àwọn pikọ́ọ̀pù Land Cruiser àtijọ́ tí ìjọba fi ń ṣiṣẹ́ ní abúlé, táyà 7.50R16 ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ óò máa fi rẹ́rìn-ín lónìí, wọ́n sì ń wọ ibi gbogbo. Kí ló fà á? Ilẹ̀ yangí wa kì í jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ ló wà lókè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ líle wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé ẹrẹ̀ òkè yẹn títí yóò fi kan ibi tó le. Táyà tó fẹ̀ máa ń léfòó sórí ẹrẹ̀, á sì máa yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó ní kí Àgbẹ̀-Tánkẹ̀ kúrò ní 265 bọ́ sí 285 lórí ọ̀nà yangí kò mọ ọ̀nà tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun kejì tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà ni afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá dé etí ẹrẹ̀, ẹ dúró, ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà kù títí gééjì yóò fi ka nǹkan bíi 20 PSI. Táyà á fẹ̀ sílẹ̀, á gùn sí i ní ibi tó ti kan ilẹ̀, á sì di ilẹ̀ mú. Ẹ fi four-wheel sí i, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ti rì. Ẹ wọ inú rẹ̀ ní jíà kékeré, ẹ má tẹ iná jù, ẹ má sì dúró láàrin. Ẹni tó bá mọ èyí yóò fi A/T kọjá níbi tí ẹni tó gbójú lé M/T yóò ti sùn.

Ohun kẹta, tí ẹ lè má fẹ́ gbọ́ níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ táyà: ibi tí ẹ ń rì yẹn, báwo ni ó ṣe gùn tó? Bí kò bá ju ìwọ̀n ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ẹ̀yin àti àwọn olóko yòókù dáwó ra òkúta tìpà kan, kí ẹ dà á síbẹ̀ kí òjò tó dé. Gbogbo yín ni yóò máa jẹ àǹfààní rẹ̀, títí kan àwọn tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko.


Onírẹsì-Ṣàáré

Ọ̀rọ̀ Bàbá bá ilẹ̀ yangí mu, kò bá àkùrọ̀ mu. Ní oko ìrẹsì wa ní ìhà Ṣàáré, ilẹ̀ dúdú ni, kò sí ilẹ̀ líle kankan nísàlẹ̀ tí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gé dé. Bí ó bá ti ń gé e ni yóò máa wọlẹ̀ títí ikùn ọkọ̀ yóò fi jókòó sórí ẹrẹ̀. Níbẹ̀, táyà tó fẹ̀ tí wọ́n tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù ló ń gbani. Nítorí náà, kí Àgbẹ̀-Tánkẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò ná pẹ̀lú ọkọ́ kí ó lè mọ irú ilẹ̀ tó ń bá jà.


Fọ́kánáísà-Gánmọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Nǹkan mẹ́ta ni mò ń rí lójoojúmọ́ tí mo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra táyà mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ẹrù. Lẹ́yìn ìwọ̀n táyà, ẹ óò rí nọ́ńbà kan àti lẹ́tà kan, bíi 112S. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kílò 1,120. Lẹ́tà S ní kò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 180 lọ ní wákàtí kan. Ẹ óò rí òmíràn tí wọ́n kọ LT (Light Truck, táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) síwájú rẹ̀, pẹ̀lú 121/118. 121 jẹ́ kílò 1,450. Ọ̀pọ̀ M/T ni lẹ́tà wọn jẹ́ Q, tó jẹ́ 160. Ẹ má ra táyà tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kéré ju ti bébà ara òpó ilẹ̀kùn yín lọ, bí ó ti wù kí eyín rẹ̀ rẹwà tó, torí iṣu àti ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ẹrù àwàdà.

Èkejì ni afẹ́fẹ́. Táyà LT máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju ti táyà lásán lọ kí ó tó lè ru ẹrù kan náà. Ẹni tó bá bọ́ sórí LT tí ó sì ń bá iye afẹ́fẹ́ àtijọ́ lọ lábẹ́ ẹrù, ńṣe ni ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ yóò máa tẹ̀ tí yóò sì máa gbóná. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ tako ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà mi gbàgbọ́ pé, nígbà oòrùn oṣù Kẹta, kí a dín afẹ́fẹ́ kù kí táyà má baà bẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ló ń gbóná jù, ooru yẹn ló sì ń ya á. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, ẹ má sì tú u nítorí pé ó pọ̀ sí i lẹ́yìn ìrìn. Wọ́n ti ka ìyẹn mọ́ ọn. Ìmọ̀ràn Bàbá pé kí ẹ tú u dé 20 dára gan-an nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ má sáré, kí ẹrù má sì wúwo lórí rẹ̀, kí ẹ sì tún un fẹ́ padà kí ẹ tó gun ọ̀dà. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bátìrì ọkọ̀ fẹ́ táyà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò wá fọ́kánáísà títí láti abà dé títì.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí táyà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni kí ẹ kà. 2324 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024. Bí táyà bá ti pẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, rọ́bà rẹ̀ á ti gan, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ pé.


Àgbẹ̀-Tánkẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ kú làálàá. Bàbá, ibẹ̀ kò gùn rárá. N ó bá àwọn olóko tó kù sọ ọ̀rọ̀ òkúta yẹn. Ìbéèrè mìíràn ni pé ẹnìkan ti fi M/T tókunbọ̀ lọ̀ mí. Ojú rẹ̀ kún dáadáa, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún dá mi lóhùn lórí táyà méjì sẹ́yìn.


Ìyá-Òrí

Ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ọkọ̀ kékeré dúró ní Ìkejà ní 2008, láti òkè òkun ni a ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú táyà wa wọlé, a kò sì mọ ohun tí ojú tókunbọ̀ rí lọ́hùn-ún. Àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù pàápàá kà á mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé.

Tuntun náà nílò àyẹ̀wò, nítorí pé àwọn kan máa ń ki táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ara wọn kí wọ́n lè kó púpọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan. SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti pariwo lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí etí táyà bá wọ́, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ojú ìtẹ̀, tàbí tí kò dúró ní róbótó nígbà tí ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.


Mẹ́káníìkì-Ọ̀fà-Gàréèjì

Lórí táyà méjì: four-wheel Hilux máa ń so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ ní eré kan náà tí ẹ bá ti tan án. Bí táyà ẹ̀yìn bá ga ju ti iwájú lọ, ẹ̀yìn fẹ́ rìn jìnnà ju iwájú lọ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa fa ara wọn ya nínú àpótí jíà kejì, èyí tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn. Nínú ẹrẹ̀, táyà á máa yọ̀, ìfà yẹn á sì rí ibi bá lọ. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò ti ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, M/T 285 sẹ́yìn àti táyà àtijọ́ síwájú kò ṣeé ṣe lára ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ lo four-wheel rẹ̀.


Alápákó-Orò-Àgọ́

Níbí, mo gbà pẹ̀lú Mẹ́káníìkì. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, tí eyín ẹ̀yìn kàn jẹ́ M/T tí ti iwájú sì jẹ́ A/T tuntun, ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe é nínú igbó, kò sì fọ́ nǹkan kan.


Mẹ́káníìkì-Ọ̀fà-Gàréèjì

Kò ní fọ́ àpótí jíà bí gíga wọn bá dọ́gba ní tòótọ́, ìyẹn bí ẹ bá fi okùn wọ̀n wọ́n yí ká, nítorí pé 265/70 ilé-iṣẹ́ kan àti ti òmíràn kì í sábàá dọ́gba géérégé. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà tó tutù, ẹ̀yìn tí kò di ilẹ̀ mú tó iwájú ni yóò kọ́kọ́ yọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójú ìyà, ọkọ̀ á sì fẹ́ yí ẹ̀yìn síwájú. Nínú igbó, igi nìkan ni ẹ óò gbá. Ní òpópónà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.


Olùkọ́-Ìsánlú

Ẹ má gbàgbé táyà àpòjù. Bí mẹ́rin bá di 265/70 tí àpòjù sì ṣì jẹ́ 265/65, ìyàtọ̀ tí Mẹ́káníìkì sọ yẹn ni yóò dé lọ́jọ́ tí ẹ bá ní láti lò ó nínú oko. Márùn-ún ni kí ẹ ṣírò owó rẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá èyí tó tóbi náà yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ ní ibi tí wọ́n ń so àpòjù mọ́. Bí owó kò bá tó márùn-ún, A/T ní 265/65 tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìtìjú. Mìlímítà 13 péré ni ẹ óò pàdánù, àpòjù yín àtijọ́ á sì ṣì wúlò, bí kò bá tíì pẹ́ jù.


Ìyá-Òrí

265/65 náà ni ó wà lẹ́sẹ̀ tiwa, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀.


Àgbẹ̀-Tánkẹ̀

Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò bí Onírẹsì ti wí: yangí líle wà nísàlẹ̀, kò ju orí ọkọ́ lọ. Àwa olóko mẹ́rin ti gbà láti dá owó òkúta. Nítorí náà, A/T ni n ó rà, ní 265/65 tó jẹ́ ìwọ̀n ọkọ̀ náà, LT tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ ju ti bébà lọ. Owó tó kù yóò ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà àti okùn ìwọ́kọ̀. Fọ́kánáísà, afẹ́fẹ́ mélòó ni kí n máa lò?


Fọ́kánáísà-Gánmọ̀

Ẹ kò ní rí nọ́ńbà kan tó bá gbogbo ọjọ́ mu, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye tó wà lára bébà òpó ilẹ̀kùn, kí ẹ fi márùn-ún tàbí mẹ́fà kún un nítorí pé LT ni. Bí ẹ bá fẹ́ ru ẹ̀gẹ́, kí ẹ tún fi kún ti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ má kọjá iye tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ wo ojú táyà: bí àárín bá ń jẹ ju etí lọ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, bí etí méjèèjì bá ń jẹ ju àárín lọ, kò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe aláìmẹ́ńtì lọ́jọ́ tí wọ́n bá de táyà náà, kí ẹ máa pààrọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn ní bíi kìlómítà 8,000 sí 10,000. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 100 àkọ́kọ́, ẹ dúró kí ẹ tún fún gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́ra, nítorí pé wọ́n máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dè wọ́n.